Gíráòtì Yàrá Fikáyọ̀

"Funfun kẹ̀! Funfun fún ta ni? Ṣé ọsibítù lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Ohùn Malikah ti gba gbogbo ilé Bámigbóyè kan kí oòrùn àárọ̀ Sátidé tó gun òrùlé. Ẹnu ọ̀nà yàrá Fikáyọ̀, ìyàwó kékeré, ló dúró sí, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ní òun wọlé, tí kò sì lè kúrò níbẹ̀. Táìsì tuntun tẹ́ pẹrẹsẹ nínú yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Ó ń dán.

Fikáyọ̀ na fóònù rẹ̀ sí i. "Ìyálé mi, ẹ wò ó fúnra yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Bí àárín táìsì bá ti funfun, gbogbo yàrá á tàn."

"Kó tàn! Ta ló máa fọ̀ ọ́? Ìwọ tí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ máa ń sun ìta mọ́jú?"

"Ẹ ṣeun, mà." Fikáyọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, irú ìkúnlẹ̀ tí orúnkún kì í kanlẹ̀.

Ọkùnrin tó lẹ táìsì náà lóṣòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ń fi ìṣó yọ àwọn àgbélébùú rọ́bà kéékèèké tó fi ya táìsì nípá láti àná. Peter ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìfọ́n ni, Òṣogbo ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bó bá lẹ táìsì, ẹyin á dúró lórí ẹ̀ láì yí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ n sọ tèmi," ó ní. "Gíráòtì tí à ń pò dí ojú àlàfo yìí, bí aṣọ ni. Èyí tó wu ojú lè má yẹ ara. Funfun dáa lójú, kò dáa lẹ́sẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ìta yín yìí, oṣù méjì ló máa fi sọ ọ́ di àwọ̀ ẹ̀kọ tó kan. Bẹ́ ẹ bá sì ní kí n lo sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò, ìyẹn á sán, á máa hó bí èépá. Gíráòtì inú páálí ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n lò, kẹ́ ẹ sì mú aláwọ̀ eérú. Eérú ló ń bo ìdọ̀tí láṣìírí."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn!" Malikah pariwo. "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Bámigbóyè yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákò lẹ́nu, bẹ́líìtì lọ́wọ́. "Peter, eérú ni kó o fi sí i. Malikah, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé yàrá rẹ ni?"

Ìṣó dákẹ́ lọ́wọ́ Peter.

Yàrá Malikah kọ́ lóòótọ́. Yàrá tirẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sán láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, èèrà sì ń tọ ojú sísán náà bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ọkùnrin á ní òun ń ṣe ọgbọọgba láàárín ìyàwó. Ọgbọọgba wo? Ẹ wo ilẹ̀ yàrá ìyálé, kẹ́ ẹ wo ilẹ̀ yàrá ìyàwó, ibẹ̀ ni ìdájọ́ wà, kò sẹ́ni tó nílò lọ́yà.

Èyí tó dun Malikah jù ni pé òun gan-an ló mú Peter wá. Nígbà tí Bámigbóyè ní òun fẹ́ fi táìsì sí "inú ilé," inú ilé ló gbọ́, kò gbọ́ yàrá kan. Ó pe Peter lórí fóònù, ọmọ agboolé ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ìyá ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlọ́bù, ìlú ọkọ Malikah, kò jẹ́ kí ara balẹ̀, ó ní ọmọ òun kò ní gbé irinṣẹ́ wọ Ìlọ́bù. "Ilé ọkọ mi ló ń bọ̀," Malikah fi dá ìyá náà lóhùn. "Ta ni yóò fọwọ́ kàn án lójú mi?" Ìgbà tí páálí táìsì dé ló tó kà á: mẹ́wàá péré. Yàrá kan ṣoṣo ni mẹ́wàá lè kárí.

Nígbà tí Bámigbóyè ń lọ síbi tó ti ń ta pákó, ó gbé Fikáyọ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀, pé òun máa já a síbi tó ti máa rí mọ́tò Òṣogbo. Kọ́tìnì ló fẹ́ lọ rà, èyí tó máa bá táìsì mu. Fikáyọ̀ yíjú padà lórí ọ̀kadà.

"Ìyálé mi, èmi ni mo ni oúnjẹ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi…"

"Máa lọ. Mo ti ń se fún un kí ìyá rẹ tó já ọmú lẹ́nu ẹ."

Bámigbóyè rẹ́rìn-ín. Fikáyọ̀ fọwọ́ kọ́ ọ ní ìbàdí, wọ́n sì lọ.

Malikah bẹ iṣu. Àsáró ló fẹ́ sè. Ó bẹ ẹ́ bí ẹni tó ń bẹ́ orí nǹkan. Lódìkejì ọ̀nà, Mọ́ládùn aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń wa ọ̀rọ̀.

"Ìyá Máyọ̀wá! Ẹ kú oríire o! A rí àwọn páálí lánàá. Ilé yín ti di Àbújá."

"A dúpẹ́."

"Yàrá yín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àbí?"

Malikah ju iṣu sómi. "Yàrá ìyàwó."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Hẹ̀n-ẹ́n," ni Mọ́ládùn wí, ó fà á gùn. "Kò burú. Wọ́n á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ṣebí ó ń bẹ lájà fún ìyàwó." Lẹ́yìn náà ó fi eyín gé òwú. "Àmọ́ a ò tíì rí àjà ilé yín o. Òkè ló ga ni, àbí àjà ni kò sí?"

Malikah rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà le lẹ́nu rẹ̀ bí orógbó.

Nígbà tó padà wọlé láti mú iyọ̀, kò mọ ohun tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Peter ti fi fóòmù tútù nu gbogbo ojú àlàfo, ó ti da ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá, ó ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń rò ó.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dúró sórí pákó yẹn."

"Ṣé omi yẹn kò kéré? Ó le jù."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kó má sàn dànù. Àwọn kan ń pò ó bí ògì mímu, kó lè yá wọn. Tó bá gbẹ tán, á lanu." Ó jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ó tún un rò, ó wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ bù ú. Kì í fà á tọ ojú àlàfo, ìdábùú ló ń fà á, kí rọ́bà má baà tún wa ohun tó ti wọlé jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ilà aláwọ̀ eérú ń tò lọ tíntín, gbogbo táìsì tó dá dúró tẹ́lẹ̀ di ìdílé kan.

Ó lẹ́wà. Malikah kò fẹ́ kó lẹ́wà.

"Kí ló lè bà á jẹ́ báyìí?" ó béèrè. Ó dá a lójú pé ìbéèrè lásán ni.

"Omi nìkan ni, ẹ̀gbọ́n. Bí omi púpọ̀ bá dé e kó tó dì, ó ti kú nìyẹn. Á yòrò, àwọ̀ rẹ̀ á ṣàn sórí táìsì. Tó bá di ọ̀la, ẹ lè da garawa mẹ́wàá sí i, kò ní í gbọ́." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ọmọ tó fẹ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́bùn. "Mo rí ilẹ̀ yàrá yín lánàá nígbà tẹ́ ẹ ní kí n gbé àga wọlé. Ó dùn mí. Àbọ̀ páálí máa ṣẹ́kù nínú gíráòtì yìí. Mo ti fi sínú àpò mi. Tí mo bá ṣe tibí tán, mo máa fi dí ojú sísán yẹn fún yín. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀."

Malikah wò ó.

Ó fẹ́ fún un ní ìyókù. Ìyókù ilẹ̀ Fikáyọ̀ ni wọ́n máa fi dí ilẹ̀ òun. Ọdún mọ́kàndínlógún nílé ọkọ, gbogbo bulọ́ọ̀kù ilé yìí tó fi orí rù, àbọ̀ páálí ìyẹ̀fun lèrè rẹ̀.

"O ṣeun, Peter," ó ní. "Ọlọ́run á fún ọ ṣe."

Ọmọ náà ò mọ̀ pé ohun tí òun fi ṣe àánú ló gún Malikah tó bẹ́ẹ̀. Inú ẹni tó ń jowú kò ní ẹnu ọ̀nà tí àánú ń gbà wọlé. Ògiri ló máa ń fi orí sọ.

Nígbà tó yá, tí Peter ti nu ojú táìsì tán, tí ilà eérú jókòó jẹ́ẹ́ níbi gbogbo, Malikah gbé oúnjẹ síta lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi òroǹbó. Àsáró kún àwo, ó fi orí ẹja gbígbẹ ńlá lé e lórí, orí ẹja tó jẹ́ ti Bámigbóyè láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn.

"Jẹun dáadáa. Má kánjú. Omi wà nínú kùlà."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ìyá mi ní n kò gbọ́dọ̀ jẹun nílùú yìí." Peter rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́. "Mo ní ṣé oúnjẹ ẹ̀gbọ́n Malikah ni n kò ní jẹ?" Ó kọ ẹ̀yìn sílé, ó sì fi ọwọ́ kan oúnjẹ.

Malikah wọlé. Bútà àlùwàlá rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kún dé ọrùn. Ó gbé e. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú yàrá Fikáyọ̀, nítorí ibi tó mọ́ ni, a kì í wọ bàtà wọ ibi tó mọ́. Ó tẹsẹ̀ sórí táìsì. Ilẹ̀ náà tutù, ó yọ̀, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ojú àpáta létí odò láàárọ̀. Ó dùn ún tẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú jù.

Igun ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ imú bútà sójú ilà, ó ń dà á tẹ̀lé e láìkánjú, ilà kan tán, ó bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tó ń bomi rin ẹ̀fọ́. Omi rírú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó mú ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi gbá a síwá, ó gbá a sẹ́yìn. Ilà tí ọmọ náà fà tíntín láti àárọ̀ wú, ó ya, ó dà bí ojú ẹni tó sunkún nínú tìróò.

Kò pẹ́ rárá. Oúnjẹ Peter kò tíì dé àbọ̀.

Ladáànì pe Àsárì. Omi díẹ̀ ṣẹ́kù nínú bútà. Malikah fi ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ sísán yàrá rẹ̀, ó sì kírun.

Igbe Fikáyọ̀ ló bá a lórí ẹní náà. Ọ̀kadà Bámigbóyè ti wọlé, òun ló lọ gbé ìyàwó rẹ̀ padà.

"Dádì! Dádì, ẹ wá wo nǹkan! Yéè! Yàrá mi!"

Ilé ní Ìlọ́bù kì í kígbe dá nìkan. Kí Malikah tó so ìborùn tán, Mọ́ládùn ti dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, àwọn méjì mìíràn ń yọrùn lójú fèrèsé, Bàbá Oyèwùmí, àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀. Bámigbóyè ti lóṣòó. Ó ti ìka bọ ojú àlàfo, ohun tó bù jáde rọ̀ bí gààrí tó mu omi yó.

Peter sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ irinṣẹ́. Ó dúró.

"Ọ̀gá, omi ni. Wọ́n da omi sí i."

"Ta ni 'wọ́n'? Àlùjànnú?"

"Mo ti nù ún, ó ti ń dì, mo kàn lọ jẹun ni…"

"O pò ó bí ògì! Ilé tí wọ́n bá fi itọ́ mọ, ìrì ló máa wó o. O fi omi lé e kí ìyẹ̀fun lè ṣẹ́kù!" Bámigbóyè fa àpò Peter tó wà lẹ́bàá ògiri, ó gbọ̀n ọ́n nù. Rọ́bà jábọ́, ìṣó jábọ́, àbọ̀ páálí gíráòtì jábọ́, ó tú sílẹ̀ fùú. "Ẹ rí i! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rí i? Olè!"

Ariwo sọ. Ohùn kan lójú fèrèsé ní ṣebí àwọn ti sọ pé kí wọ́n má gba ará Ìfọ́n sílé ṣiṣẹ́. Mọ́ládùn pàtẹ́wọ́. "Oko tí wọ́n ń jà sí kò tó wọn, wọ́n tún wá ba ti ìyẹ̀wù jẹ́!"

"Mọ́ládùn, gba ẹnu rẹ mú," Bàbá Oyèwùmí ní. "Bámigbóyè, fọwọ́ wọ́nú. Ọmọ ẹnì kan ni. Ìfọ́n tí ẹ ń bú yìí, ṣebí ibẹ̀ lo ti fẹ́yàwó?"

Gbogbo ojú yí padà, wọ́n dúró lára Malikah.

Ó rí ojú Mọ́ládùn. Ó rí ojú àwọn ti fèrèsé. Ọdún mọ́kàndínlógún ò ju àná lọ lójú wọn. Peter náà rí i, ara tù ú, bí ẹni tó wà nínú odò tó rí etí bèbè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì rírin níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ wà nílé. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìyókù yẹn ṣe. Ẹ sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹnu Malikah là. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bí kò tiẹ̀ jẹ́wọ́ tara rẹ̀, ó lè sọ ti ìyókù yẹn. Ó lè ní ọmọ dáadáa ni. Ó lè ní kí wọ́n jẹ́ kó tún un ṣe lọ́la. Páálí kan péré ni.

Fikáyọ̀ ló ṣáájú rẹ̀. Ó nu ojú, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Dádì, ẹ fi í sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Yàrá lásán ni, kò sẹ́ni tó kú."

Bámigbóyè wo ọmọbìnrin náà. Gbogbo ìbínú ojú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bu omi tútù sínú ọbẹ̀ tó ń hó. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó fi àtàǹpàkò pa omijé ojú rẹ̀ rẹ́. "Má sunkún mọ́," ó ní jẹ́ẹ́. "Bó bá di kí n ra táìsì míì, mo máa rà á fún ọ."

Malikah gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ó wo ilẹ̀. Peter ṣì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ Malikah tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ ń kan ìka. Ojú ọmọ náà ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti balẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Malikah náà wo ibẹ̀. Gíráòtì aláwọ̀ eérú ti gbẹ mọ́ abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi àlùwàlá kò dé.

Peter gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Kò bínú. Ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀, bíi pé ẹni tó mọ̀ ti kú níbẹ̀ tí ẹlòmíràn sì wọ aṣọ rẹ̀.

Malikah fa ẹsẹ̀ sábẹ́ ìró.

"Ìyá Máyọ̀wá," Bàbá Oyèwùmí ní, "ọwọ́ rẹ lọ̀rọ̀ wà. Ṣé ẹnikẹ́ni wọ yàrá yìí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹnì kankan ò wọ̀ ọ́," Malikah dáhùn. "Òun nìkan ni. Ojú mi báyìí ló ṣe ń da omi sí i. Mo ní, 'Peter, omi yìí ò pọ̀ jù?' Ó ní kí n fi òun sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Mi ò mọ ìyókù kankan. Mi ò sì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ. Ìlọ́bù ni mo bímọ sí, Ìlọ́bù ni mo máa kú sí. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ yẹn."

Bámigbóyè yọ ọwọ́ léjìká Fikáyọ̀. Ó di ọrùn ẹ̀wù Peter mú, ó fà á dìde kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra, ó lọ sẹ́yìn dé ibi tí apá gùn dé, ó sì balẹ̀ létí ọmọkùnrin náà, fàì.